Ẹja Yíyan Le

Ìrù kan ṣoṣo, "-ing", ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń dárà. Nínú "She is smoking fish", iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Nínú "Smoking fish is hard work", iṣẹ́ ọ̀hún ti di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹ tún wo "Smoking fish, she burnt her hand": ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ló ń sọ níbẹ̀. Ti àárín yẹn ni wọ́n ń pè ní gerund nílé ìwé, participle ni wọ́n ń pe méjì yòókù. Ojú kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní. Ipò tí wọ́n wà nínú gbólóhùn la fi ń dá wọn mọ̀.

Yorùbá kò kó gbogbo ẹrù yẹn lé ìrù kan. Ó ń yan ẹja: "ń" ló ń ṣiṣẹ́ atẹ́rẹrẹ níbẹ̀. Níbi tó ti ń yan ẹja ni iná ti jó o lọ́wọ́: odindi awẹ́ gbólóhùn la lò. Ọ̀rọ̀-orúkọ ló wá ń béèrè àpètúnpè ẹlẹ́bẹ: ẹ mú kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ fi "í" olóhùn òkè lé e, ẹ gbé e síwájú. Yan á di yíyan, lọ á di lílọ, gbà á di gbígbà. Tí nǹkan ò bá ṣẹlẹ̀, "àì" ló kàn: àìlọ, àìgbà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé "Mo fẹ́ràn ń kàwé", Gẹ̀ẹ́sì ló fi ronú. Ìwé kíkà ló fẹ́ràn, tàbí kíka ìwé.

Ẹ fetí sí ohùn méjèèjì yẹn dáadáa. Nínú "kíka ìwé", ohùn ìsàlẹ̀ orí "kà" ti di àárín nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kọ "kíkà ìwé" ti ṣì í kọ.

Tiwa náà ní ọ̀fìn tirẹ̀ o. "Ẹja yíyan le": ṣé iṣẹ́ ẹni tó ń yan án ló le ni, àbí ẹja inú abọ́ ló ń fi eyín han èèmọ̀? Gẹ̀ẹ́sì á lo smoking fún ọ̀kan, á lo smoked fún èkejì. Yíyan la fi ṣe méjèèjì. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ lẹ ní lọ́kàn, ẹ yí i padà: "Yíyan ẹja le." Kò sẹ́ni tó máa ṣi ìyẹn gbọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni irú gbólóhùn yìí: "Dídé gómìnà sí ìlú náà mú inú àwọn ará ìlú dùn." Kò lòdì sí gírámà, àmọ́ ta ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jà? Nígbà tí gómìnà wọ̀lú, inú ará ìlú dùn, ó parí. Ẹni tí ìtọ̀ àwọn èèyàn ti sú kì í kọ "Títọ̀ síbí jẹ́ èèwọ̀" sára ògiri rẹ̀. "Má tọ̀ síbí" ló máa kọ, ó sì yé gbogbo ayé. Ẹ̀yin tó ń túmọ̀ ìròyìn fún rédíò, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti rí "-ing", ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ló ṣe nǹkan náà, kí ẹ sì fi í bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn.