Páàtì Tó Jọra Kì í Ṣe Ọ̀kan Náà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ekiadolor, òjò kì í dúró de katakata tó bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tú èyí tó ti kú láti fi tún alààyè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Massey Ferguson 165 kò ní irú ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Perkins 4.203 ló kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, 4.212 ló tẹ̀ lé e. Ihò sílíńdà 4.203 fẹ̀ tó mìlímítà 91, ti 4.212 ju 98 lọ. Písítìnì ọ̀kan kò lè wọ èkejì.

1. Ẹ ka nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀.
2. Ẹ mú páàtì àtijọ́ dání lọ sọ́jà; ẹ wọn fífẹ̀ àti gíga rẹ̀.
3. Bí kò bá dọ́gba, ẹ má rà á.

Owó iléèwé ọmọ wa ni. Ẹ má jẹ́ kí a fi ra irin lásán.