Ẹ Fi Báàkẹ́tì Kan Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé kò sílẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Láti Mọ́níyà títí dé Ajíbọ́dẹ ní Ìbàdàn níbí, ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo rí ti di ilé. Ẹni tó sì gba yàrá kan kò ní ẹ̀yìnkùlé tí yóò dá oko ẹ̀fọ́ sí. Síbẹ̀, ìyẹn ò ní kí ẹ má gbin nǹkan kan.

Ẹ̀rí rẹ̀ ò jìnnà. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 ní Akínyẹlé wa níbí, àwọn onímọ̀ tí Norbert Maroya ṣáájú wọn gbin iṣu láìlo ilẹ̀ ní nǹkan bí 2013. Wọ́n gé ìtàkùn iṣu, wọ́n tò ó sórí àpótí, gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ sínú òkùnkùn, ẹ̀rọ sì ń fín omi tí wọ́n po oúnjẹ ọ̀gbìn mọ́ sí i lára. Ó ta iṣu kéékèèké tí wọ́n lè fi ṣe èbù tí kò lárùn. Iṣu o! Ohun tí a ò mọ̀ mọ́ ibì kan àfi inú ebè!

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni tiwọn ń lò, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná wa ṣe rí. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò fẹ́ ẹ̀rọ rárá, irú èyí tí Kratky ti Yunifásítì Hawaii ní Amẹ́ríkà kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ wá báàkẹ́tì tó ní ìdérí, kí ẹ fi ọ̀rá dúdú wé e, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá wọnú omi, nǹkan aláwọ̀ ewé yóò bò ó. Ẹ lu ihò sí ìdérí, kí ẹ ki kọ́ọ̀pù ike tí ẹ ti dá lu bọ̀ ọ́, kí ìdí rẹ̀ kan omi díẹ̀. Ẹ gbin gbúre sínú rẹ̀. Igi rẹ̀ tí ìyá yín máa ń dànù lẹ́yìn tó bá já ewé tán, ẹ tì í bọ omi lásán, yóò ta gbòǹgbò kíákíá. Ẹfinrin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dí gbogbo àlàfo tó kù, kí ẹ̀fọn má baà yé síbẹ̀.

Ibi tí ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ nìyí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí ewéko bá ti ń mu omi, omi á máa lọ sílẹ̀, gbòǹgbò òkè á wà nínú afẹ́fẹ́ tí yóò máa mí, tìsàlẹ̀ á máa mu. Ẹni tó bá rí i pé omi ti dín, tó sì bù ú kún dé ẹnu, ó ti fi omi pa gbòǹgbò òkè nìyẹn. Bí ó bá fẹ́ gbẹ, ẹ bu díẹ̀ sí i nísàlẹ̀, kí ẹ fi òkè sílẹ̀.

Ní ti oúnjẹ tí ẹ ó po mọ́ omi náà, ajílẹ̀ oníhóró tí a ń fọ́n sí oko àgbàdo kọ́ la ń lò o. Ilẹ̀ ló ń bá wa sọ ọ́ di oúnjẹ, ohun tó sì kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ pọ̀, pàápàá kálísíọ̀mù. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún omi, kí ẹ sì tẹ̀ lé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára. Bó bá jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n di kálísíọ̀mù rẹ̀, ẹ má po gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní gbígbẹ tàbí ní kíki. Yóò dì, yóò sì rì sísàlẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ yọ́ ọ sínú omi púpọ̀. Bí ẹ bá rí ohun tí wọ́n fi ń wọn pH, ìyẹn bí omi ṣe kan tó, 5.5 sí 6.5 ló dára.

Ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Inú yàrá tó ṣókùnkùn, yóò kàn gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, gílóòbù tí yóò sì ràn án lọ́wọ́ ń fẹ́ iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ lọ yáwó kọ́ ilé ọ̀gbìn ńlá kí ẹ tó jẹ gbúre àkọ́kọ́, ẹ má dá a lóhùn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ já ewé, kí ẹ fi igi sílẹ̀ kó tún rúwé. Nígbà tó bá gbó, ẹ da omi tó kù sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ fọ báàkẹ́tì mọ́ tónítóní, kí ẹ tó gbin òmíràn.