Ọ̀bẹ Kọmándò: Ibi Tí Ẹ Ó Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Nínú gbogbo ohun ìjà ogun Hítílà tí àwọn èèyàn ń kó jọ, ọ̀bẹ Fairbairn-Sykes wà lára èyí tí ayédèrú rẹ̀ pọ̀ jù lọ́jà. Òun ni ọ̀bẹ olójú méjì tí àwọn kọmándò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò. William Fairbairn àti Eric Sykes, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá ní Shanghai, ló ronú bó ṣe máa rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1940, wọ́n gbé e lọ bá iléeṣẹ́ Wilkinson Sword ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó fi di 1941, ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun.

Irú mẹ́ta ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Irin ìdábùú tó wà láàárín èèkù àti ojú ọ̀bẹ irú kìíní tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún bíi lẹ́tà S. Nídìí ojú ọ̀bẹ náà, ibì kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ní igun mẹ́rin. Ibẹ̀ ni wọ́n fi ásíìdì fín orúkọ iléeṣẹ́ sí lápá kan, àti "The F-S Fighting Knife" lápá kejì. Irin ìdábùú ti irú kejì tọ́ gbọnrangandan, kò sì ní ibi pẹrẹsẹ yẹn mọ́. Irú kẹta dé ní nǹkan bí 1943. Yíyọ́ ni wọ́n yọ́ èèkù tirẹ̀ dà, ó sì ní òrùka òrùka yí ká. Irú kìíní ló ṣọ̀wọ́n jù, òun ló wọ́n jù, òun náà sì ni àwọn oníjìbìtì ń fara wé jù.

Èèkù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ti irú kìíní àti ìkejì jẹ́ idẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé ní igun wẹ́wẹ́ kó má baà yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ mú gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi dání. Bí ọwọ́ ọmọ ogun bá ti gbá èèkù gidi mú fún ìgbà pípẹ́, orí àwọn igun yẹn á ti jẹ, ṣùgbọ́n kòtò àárín wọn á ṣì mú ṣáṣá. Èyí tí wọ́n dà nínú mọ́ọ̀dì kì í rí bẹ́ẹ̀: ó rọ̀ láti orí dé inú kòtò, ihò bí ojú abẹ́rẹ́ á wà káàkiri, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí mọ́ọ̀dì ti pàdé sì lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ má fi ìlà yẹn dá irú kẹta lẹ́bi o, nítorí dídà ni wọ́n dà á. Ẹ fi òòfà kàn án pẹ̀lú. Òòfà kì í mú idẹ. Bó bá lẹ̀ mọ́ èèkù típẹ́típẹ́, ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n fín ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì ti jìn sí kòtò rí. Bàbá àgbà mi jagun ní Bọ́mà, nítorí náà nígbà tí ọkùnrin kan ní ọjà ọjọ́ Àìkú sọ fún mi pé bàbá òun ló mú ọ̀bẹ yìí bọ̀ láti Bọ́mà, ọkàn mi ti rà á kí ojú mi tó wò ó. Ilé ni mo ti rí i pé ìlà ìhá kan gba ojú ọ̀bẹ náà wá tààrà, ó dé ìdí lẹ́tà F, ó dúró, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì. Ìhá ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ lẹ́tà! Lórí èyí tí wọ́n fín ní 1941, ìhá á gun orí lẹ́tà kọjá ni. Inú lẹ́tà tí ásíìdì jẹ máa ń rí hágahàga díẹ̀; ti ẹ̀rọ òde òní máa ń jinlẹ̀ dọ́gba, etí rẹ̀ á sì mú jù.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀bẹ tuntun ló jẹ́ ayédèrú. Lẹ́yìn ogun, àwọn oníṣẹ́ irin ní Sheffield ń bá a lọ láti ṣe é fún títà, wọ́n sì kọ orúkọ sí i, bíi William Rodgers. Ọjà ọmọlúàbí nìyẹn. Ẹni tó fi ayùn ha orúkọ yẹn kúrò kó lè pè é ní ti ogun ló ṣe jìbìtì. Ẹ fi èékánná tọ́ irin ìdábùú wò: ibi tí wọ́n ti ha á máa ń jin díẹ̀, àwọ̀ ibẹ̀ kì í sì í bá ìyókù mu.

Ẹ má gbàgbé àkọ̀. Awọ ni, pẹ̀lú idẹ lẹ́nu ìsàlẹ̀, okùn rọ́bà fún èèkù, àti etí awọ mẹ́rin tí wọ́n fi ń rán an mọ́ aṣọ. Iná elésè àlùkò tí àwọn ọlọ́jà wa fi ń yẹ owó náírà wò wúlò níbí: bí òwú tí wọ́n fi rán an bá tàn yòò, òwú ẹ̀yìn ogun ni. Àkọ̀ tuntun kò sọ pé ọ̀bẹ kò dáa, ṣùgbọ́n ó yẹ kó dín owó kù.

Bí ẹ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lọ wo ojúlówó ní Imperial War Museum kí ojú yín lè mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1988 kò fàyè gba kí èèyàn máa mú irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kiri ìgboro láìnídìí gúnmọ́. Ẹ dì í dáadáa, ẹ mú rìsíìtì dání, kí ẹ sì gba ilé lọ tààrà. Kí ẹni tó tà á kọ irú tó jẹ́ àti ẹni tó ṣe é sórí rìsíìtì náà, kó sì kọ ọ́ pé òun á dá owó padà bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ dá ọ̀bẹ rẹ̀ padà fún un.