Erédò Súngbọ́: Ìtàn Ẹnu àti Ẹ̀rí Inú Ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ odi ìlú fún akẹ́kọ̀ọ́, ògiri amọ̀ ni ó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn. Erédò Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí èyí. Yàrà jíjìn ni, tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde nínú rẹ̀ mọ òkìtì gígùn sí etí rẹ̀. Ẹ̀rí méjì ni ó wà nípa rẹ̀: ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ, àti ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan gbá èkejì dànù, nítorí pé ohun kan náà kọ́ ni àwọn méjèèjì ń jẹ́rìí sí.

Bí Erédò Ṣe Rí

Gígùn Erédò tó nǹkan bí kìlómítà 160. Ilẹ̀ tí ó yí ká tó nǹkan bí kìlómítà 40 láti àríwá sí gúúsù, àti 35 láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Apá kan rẹ̀ wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, apá kan sì wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ìlú kan tí ó ń jẹ́ Erédò wà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Níbi tí ó ga jù, ìsàlẹ̀ yàrà sí orí òkìtì tó mítà 20. Ẹ̀gbẹ́ yàrà náà dúró ṣánṣán nítorí pé ilẹ̀ pupa líle ni wọ́n gbẹ́. Patrick Darling, onímọ̀ tí ó yẹ̀ ẹ́ wò ní àwọn ọdún 1990, ṣírò rẹ̀ pé yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó tó mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ mítà oníhà mẹ́ta. Agbára ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Ohun tí Ìtàn Ẹnu Sọ

Ìtàn sọ pé opó ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, Bílíkísù Súngbọ́, ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parun. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Nínú ìtàn yìí, ilẹ̀ ni ó rọ́pò ọmọ. Ibojì tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn Mùsùlùmí àti àwọn mìíràn sì máa ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Àwọn kan gbà pé òun gan-an ni ọbabìnrin Ṣébà tí ó lọ kí Sólómọ́nì. Orí 27 nínú Àlùkùránì sọ ìtàn ọbabìnrin náà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn onítumọ̀ Àlùkùránì ni wọ́n pè é ní Bilqis, èyí tí Yorùbá ń pè ní Bílíkísù.

Ohun tí Ilẹ̀ Fi Hàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì 16, ọmọ Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ ọ́ sílẹ̀ pé yàrà ńlá kan yí ìlú kan tí ó pè ní Geebuu ká. Lloyd kọ àpilẹ̀kọ lórí Erédò ní 1959. Èrò Darling ni pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìwádìí tí Gérard Chouin àti Olanrewaju Lasisi ṣe lẹ́yìn náà mú un wá sí ìparí sẹ́ńtúrì 14 sí ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì 15.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Igi tí ó bá ti kú kì í gba kábọ́ọ̀nù sára mọ́. Ẹ̀yà kan nínú kábọ́ọ̀nù ara rẹ̀ yóò sì máa dínkù díẹ̀díẹ̀. Bí a bá rí èédú lábẹ́ òkìtì tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú, ìwọ̀n èyí tí ó ṣẹ́kù ni yóò jẹ́ kí a mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìgbà ayé Sólómọ́nì fi ohun tí ó lé ní 2,000 ọdún ṣáájú èyí. Nítorí náà, ọbabìnrin Ṣébà kọ́ ni ó gbẹ́ Erédò. Ṣùgbọ́n èédú kì í dárúkọ ẹni. Kò lè sọ ẹni tí ó pàṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ ìdí tí àwọn ará Ìjẹ̀bú fi gbà pé obìnrin lè ní ọlá tí ó tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn ẹnu nìkan ni ó gbé ìyẹn dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìlò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ni ó ní yàrà tàbí odi àtijọ́. Olùkọ́ lè:
1. kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, kí wọ́n wọn fífẹ̀ àti jíjìn rẹ̀, láì tú ilẹ̀;
2. rán wọn sí àgbà méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì kọ ìtàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ;
3. ní kí wọ́n pín ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tí wọ́n rò sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìkádìí

Orúkọ Erédò wọ àkọsílẹ̀ ìdúródè àjọ UNESCO ní 1995, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kò dá ọkọ́ dúró. Àwọn kan ń wa yẹ̀pẹ̀ òkìtì rẹ̀ fi kọ́lé, àwọn kan ń da ìdọ̀tí sínú yàrà. Bí àgbà kan bá ṣi ìtàn sọ lónìí, àgbà mìíràn lè tún un sọ lọ́la. Òkìtì tí wọ́n bá ti wó kò ní ẹlòmíràn tí yóò tún un sọ. Ọmọ tí ó bá fi okùn wọn yàrà ìlú rẹ̀ ní kékeré ni yóò mọ ohun tí ó ń sọnù bí ọkọ́ bá dé ibẹ̀.