Èrè Kì í Ṣe Owó Ọwọ́: Ọ̀rọ̀ Márùn-ún fún Ẹ̀kọ́ Ìṣirò Owó Òwò

1. Ìfáàrà
Èdè Yorùbá kò tòṣì nínú ọ̀rọ̀ òwò. Ojú owó, èrè, àdánù, gbèsè, èlé àti àwìn wà lẹ́nu ọlọ́jà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà lẹ́nu oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́. Ìṣòro tí ó wà ni pé, bí a bá ń kọ́ alákòóso ilé-iṣẹ́ ní ìṣirò owó, olùtumọ̀ a máa lo ‘èrè’ fún ohun méjì: ohun tí òwò fi lé, àti owó tí ó wà nínú àpótí. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

2. Àwọn Ọ̀rọ̀ Náà
(i) Ojú owó: owó tàbí ọjà tí a fi bẹ̀rẹ̀ òwò.
(ii) Èrè: ohun tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí a bá yọ ìnáwó kúrò nínú iye tí a ta ọjà, ìbáà jẹ́ pé oníbàárà ti sanwó tàbí kò tíì san án.
(iii) Owó ọwọ́: owó tí ó wà ní ìkáwọ́ oníṣòwò, tí ó ṣeé ná lójú ẹsẹ̀.
(iv) Owó òde: owó ọjà àwìn tí oníbàárà kò tíì san.
(v) Gbèsè ọrùn: owó tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ jẹ ẹlòmíràn. ‘Gbèsè’ nìkan kò fi ẹni tí ó jẹ ẹnì kejì hàn.

3. Àpẹẹrẹ
Bí oníṣẹ́ awọ kan ní Ọ̀yọ́ bá fi ojú owó ₦100,000 ṣe tìmùtìmù, tí ó sì ta gbogbo rẹ̀ ní ₦150,000, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦50,000. Ṣùgbọ́n bí àwọn oníbàárà bá san ₦60,000, tí wọ́n sì gba ìyókù ní àwìn, owó ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦60,000, owó òde sì jẹ́ ₦90,000. Bí ó bá ná ₦50,000 nítorí pé ó ti jèrè, ₦10,000 péré ni yóò kù láti fi ra awọ mìíràn. Kò tíì pàdánù, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró. Bí owó òde náà kò bá wọlé rárá, èrè yẹn di àdánù ₦40,000.

4. Ẹ̀rí láti inú Ìtàn
Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ń ṣòwò ní ìhà àríwá Gánà, pàápàá ní Tamale. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò ta ọjà ní iye tí kò tó ojú owó, owó àwìn wọn sì há sọ́wọ́ oníbàárà. Lójú ìwé ìṣirò, ọlọ́rọ̀ ni irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀; owó ọwọ́ nìkan ni ó ṣeé gbé wọ ọkọ̀.

5. Ìkádìí
Ó yẹ kí olùkọ́ àti olùtumọ̀ ya èrè sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọwọ́ nínú gbogbo ìwé ìṣirò, kí wọ́n sì ya owó òde sọ́tọ̀ kúrò lára gbèsè ọrùn. Alákòóso tí ó bá mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí kò ní ná ojú owó ní orúkọ èrè.