Kí Ló Ń Yí Àwọ̀ Èékánná Jẹ́ẹ̀lì Padà?

Ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ló bí i.

Èékánná ni mo ń kùn nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì láti fi kún owó oúnjẹ. Ní sáà tó kọjá, mo kun jẹ́ẹ̀lì funfun fún oníbàárà kan tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Sapele. Lọ́jọ́ kẹfà ó padà wá, èékánná rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú. Ó ní ayédèrú ni mo fi kùn ún, kí n dá owó òun padà. Mo dá a padà, nítorí n kò mọ àlàyé tí mo lè ṣe. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo wá lọ ṣí ìwé.

Kútẹ́ẹ̀sì tí àwọn ìyá wa ń lò, atẹ́gùn ló ń gbẹ ẹ́: ohun olómi inú rẹ̀ fẹ́ lọ, àwọ̀ ṣẹ́kù. Jẹ́ẹ̀lì kì í gbẹ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń dì. Mólíkù kéékèèké inú ìgò rẹ̀ ń so mọ́ ara wọn di ẹ̀wọ̀n gígùn. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa tí a dàgbà ní Wàrí. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà tí wọ́n ṣí ní Ekpan ní 1988, ohun méjì ni wọ́n kọ́ ọ fún. Èkíní ni kí wọ́n so mólíkù gáàsì propylene pọ̀ di ike. Èkejì ni kí wọ́n ṣe carbon black, ìyẹ̀fun dúdú bí èédú. Ẹ fi èkejì yìí sọ́kàn, a ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Nínú jẹ́ẹ̀lì, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní photoinitiator ló ń bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ náà. Mo bi bàbá mi pé kí ni Yorùbá ń pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ bi àwọn ará Ìbàdàn. Ìṣáná ni èmi yóò máa pè é. Bí iná LED, tí ìtànṣán rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 365 sí 405 nánómítà, bá bà á fún bí ìṣẹ́jú kan, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìsopọ̀ sì bẹ̀rẹ̀.

Bí ìṣáná náà kò bá jó tán ńkọ́? Ìyókù rẹ̀ wà lórí èékánná. Oòrùn ọ̀sán náà ní ìtànṣán UV nínú. Yóò máa fọ́ ìyókù yẹn díẹ̀díẹ̀, àfọ́kù irú ìṣáná mìíràn sì máa ń pọ́n. Lórí àwọ̀ pupa, ta ni yóò rí i? Lórí funfun ni àṣírí ti ń tú. Ìyẹ̀fun tó ń mú jẹ́ẹ̀lì funfun náà tún máa ń dènà UV, tí ìsàlẹ̀ kò fi ní rí ìmọ́lẹ̀ tó bí a bá kùn ún nípọn. Kí n sọ òótọ́, mo kùn ún nípọn lọ́jọ́ náà, iná sì lọ láàárín kan, n kò tún un ṣe.

Carbon black wà nínú ọ̀pọ̀ jẹ́ẹ̀lì dúdú. Ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ìdí nìyẹn tí dúdú tó nípọn fi máa ń hunjọ lábẹ́ iná. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í tètè pa á. Àwọn àwọ̀ tó ń tàn yòò, bí osàn àti píǹkì, ni oòrùn ń ṣá, nítorí UV ń já ìsopọ̀ tó fún wọn ní àwọ̀.

Jẹ́ẹ̀lì tí kò dì tán kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Mólíkù tí kò so pọ̀ lè mú kí awọ ara máa yún, kí ó sì wú. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́ lè máa bá a yí títí ayé, àní ike tí dókítà eyín fi ń dí ihò eyín lè di ìṣòro fún un. Ẹ máa wo ara ìgò pẹ̀lú: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2025 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de TPO, ìṣáná kan tó wọ́pọ̀, nínú ohun ìṣaralóge, nítorí wọ́n kà á mọ́ ohun tó lè ṣèpalára fún ọmọ bíbí.

Ṣùgbọ́n gbogbo pípọ́n kọ́ ni ti ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ jẹ sítáàṣì àti ọbẹ̀ bàǹgà, epo pupa lè kun èékánná rẹ̀. Ti epo yàtọ̀: òkè ló ń wà, oòrùn gan-an ló sì ń pa á rẹ́.

Bí a ṣe lè dá wọn mọ̀ rèé. Ẹ kun jẹ́ẹ̀lì sórí èékánná oníke, ẹ fi iná mú un dì, ẹ fi bébà fadákà bo ìdajì rẹ̀, kí ẹ gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń pa fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìdajì tó wà níta nìkan bá yí, ìmọ́lẹ̀ ni. Mo ṣe méjì: ọ̀kan nípọn, mo fún un ní ìdajì ìṣẹ́jú, èkejì fẹ́lẹ́ ní ìpele méjì, mo fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó nípọn pọ́n, èkejì ṣì funfun.

Mo gbé méjèèjì lọ han oníbàárà mi. Ó yí wọn síwá sẹ́yìn, ó ní kí n kun pupa fún òun.