Orin Tó Ti Di Ọṣẹ

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ìyá tó ti ń ṣarán lè pe àkọ́bí rẹ̀ ní àbúrò, kó sì máa wá ọkọ tó ti kú tipẹ́. Ẹ dá orin ìgbà ọmọge rẹ̀ létí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó gbọ́ tó ń gbè é, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pé. Ní 2015, àwọn olùwádìí ní Leipzig, ní Jámánì, tẹ̀ ẹ́ jáde pé apá ọpọlọ tó ń tọ́jú orin àtijọ́ wà lára ibi tí àrùn Alzheimer, tó sábà máa ń mú èèyàn ṣarán, kì í tètè bà jẹ́.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ pé wọ́n ní ìyá tó ń sọ kántankàntan jẹ́ àjẹ́ tó ń jẹ́wọ́. Àìsàn ni. Orin kò lè wò ó sàn, ẹ má sì torí orin pa dókítà tì, ṣùgbọ́n ó ń tu ara. Ní Finland, ìwádìí tó jáde ní 2014 kó aláìsàn 89 jọ pẹ̀lú àwọn tó ń tọ́jú wọn. Orin kíkọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá mú inú aláìsàn dùn sí i, ó sì fún olùtọ́jú náà ní ìsinmi ọkàn.

Àwa tilẹ̀ ní ohun tó rọrùn fún iṣẹ́ yìí: lílé àti ègbè. Ẹni tó ń lé orin ló ru ẹrù. Ègbè kúkúrú, tó ń padà wá léraléra, ni ti ìyá. Bó bá gbàgbé, àwọn elégbè yòókù á gbé e dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi í sílẹ̀ pẹ̀lú rédíò nìkan. Ẹ pe àwọn ọmọ, àwọn ará ilé, ẹ to àga yípo, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ rọra lé orin náà, kí ohùn má ga jù. Òwúrọ̀ ló dára, torí ọkàn ọ̀pọ̀ wọn máa ń dàrú bí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Ẹni ọgọ́rin ọdún lónìí, èwe rẹ̀ bọ́ sí ìgbà orin I. K. Dairo àti Haruna Iṣọla. Ẹ wá irú orin bẹ́ẹ̀, tàbí orin ìjọ, tàbí wákà. Ẹ má bi í pé, “Màmá, ta ló kọ ọ́?” Ìtìjú nìyẹn níwájú ọmọ tó bí. Bí omijé bá bọ́, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu: orin tó fi rẹ̀ yín lẹ́kún náà wà níbẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó lè ti gbàgbé pé ẹ kọrin rárá. Ẹ tún dá a lọ́la.